Pàṣán Wọ Ilé Kúta

"Kúta ni," ni ẹ̀rọ náà wí.

Ìbídùnní tẹ̀ sún mọ́ ẹja. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó tún tẹjú mọ́ ọn lórí òkúta tútù tí wọ́n ń tẹ́ ẹja sí, láti orí títí dé ìrù. Ẹja gígùn ni, ó gùn ju apá rẹ̀ lọ, ara rẹ̀ ń dán, eyín rẹ̀ sì rí ṣóńṣó ṣóńṣó bí ẹni pé inú ń bí i nínú ikú. Pàṣán ni gbogbo ará Òkè-Omi ń pè é. Pàṣán ni ìyá Ìbídùnní pè é, pàṣán ni ìyá ìyá rẹ̀ náà pè é.

"Tún un wò," ó ní.

"Mo ti tún un wò, Olùpè. Mo sì tún tún un wò. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò yí padà. Kúta ni."

"Ìwọ yìí, ẹnu rẹ ti le jù."

Ẹ̀rọ tuntun ni Afìranhàn, kò tí ì gbọ́n dé ibi pé kí ó fara balẹ̀ fún àgbà. Ti àtijọ́ tí wọ́n gbé kúrò, ojú lásán ló fi ń wo ẹja. Á wo ìpẹ́, á wo lẹbẹ, á wo bí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ṣe yọ síwájú ju ti òkè lọ, á wá ní ìbátan lágbájá ni èyí. Àwa ènìyàn náà kúkú ń ṣe bẹ́ẹ̀: a rí ọmọ tí imú rẹ̀ jọ ti bàbá kan ládùúgbò, ó parí, a ti fọmọ fún un. Lẹbẹ méjì ló wà lẹ́yìn kúta, wọ́n jìnnà síra wọn bí aládùúgbò tí kì í kí ara wọn. Ẹyọ kan gbọọrọ ni ti pàṣán. Ohun tí wọ́n fi pín wọn sí ọ̀tọ̀ láti ìwáṣẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ni Afìranhàn ń kà, ó ní ọ̀rọ̀ lẹbẹ kò kan òun.

Ìbídùnní rìn lọ sójú fèrèsé. Oòrùn òwúrọ̀ ti tàn sórí àwọn ilé tó léfòó lórí omi, tí wọ́n fi okùn so mọ́ra wọn. Nísàlẹ̀, níbi tí omi ti mọ́, ènìyàn lè rí òrùlé ilé àwọn baba ńlá tí òkun ti gbà. Ó ń fi ìka yí eyín kúta tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́. Eyín yìí ló ń ṣílẹ̀kùn ilé tó ń gbé, òun ló ń jí ẹ̀rọ yìí lójú oorun, bí ó bá sì kú, òun ni wọ́n á fi dá a mọ̀ kí wọ́n tó gbé e sọ̀ kalẹ̀ sínú omi sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹja lásán ló ń dà á láàmú. Ní Òkè-Omi, ilé tí ẹja bá wà ni ènìyàn rẹ̀ wà. Nígbà tí ẹja fẹ́ tán lókun ni àwọn àgbà pín gbogbo ìdílé ẹja fún ìdílé ènìyàn: ẹ̀yin, ẹ máa ṣọ́ kúta, ẹ̀yin, ẹ máa ṣọ́ pàṣán, ẹ̀yin, ṣáwá ni tiyín. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹja kì í pa á, kì í jẹ ẹ́. Àwọn tó bá jẹ́ ọmọ ilé kan náà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ọmọ ìyá kì í sì í fẹ́ ọmọ ìyá. Bí pàṣán bá di kúta lónìí, gbogbo ọmọ Ilé Pàṣán ti di ọmọ Ilé Kúta nìyẹn. Ìbídùnní ni Olùpè Ilé Kúta, ẹni tó ń sọ ilé tí ẹja kọ̀ọ̀kan wà. Ẹ̀rìnfọlámí, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, sì ti ṣe ìdána pẹ̀lú Mákinwá, ọmọ Ilé Pàṣán. Aṣọ ìgbéyàwó ti wà nínú àpótí.

"Kúta ni," ni ẹ̀rọ náà tún wí, bí ẹni pé wọ́n bi í.

"Mo ti gbọ́ ẹ! Ṣé etí mi di ni?"

Ẹsẹ̀ kan ń dún bọ̀ lórí afárá pákó, gbì, gbì, gbì. Ìbídùnní mọ ẹni tó ni ín. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń tẹ afárá bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìlú. Ìyá Mákinwá dé ẹnu ọ̀nà, ó fọwọ́ kan egungun funfun tí wọ́n so rọ̀ sókè ìlẹ̀kùn bí gbogbo ènìyàn ti ń ṣe kí wọ́n tó wọlé, ó wá gbé ara ńlá rẹ̀ wọlé.

"Àna mi, ẹ kúulé o! Wọ́n ní ẹja wa ti dé ọ̀dọ̀ yín. Kí ni ẹ̀rọ wí?"

"Ẹ jókòó ná."

"Ha! Ẹni tó bá ní kí n jókòó kó tó dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ burúkú ń bẹ lẹ́nu ẹ̀. Ẹ sọ ọ́, mo wà lórí ìdúró."

"Ó ní kúta ni."

Ìyá Mákinwá jókòó.

"Kúta bí i ti báwo?" ó ní. "Pàṣán tí mo ti ń ṣọ́ láti ìgbà tí mi ò tí ì mọ̀dí wẹ̀? Tí mo mọ ibi tó ń yé sí, tí mo mọ ìgbà tí inú ń bí i? Ẹ̀rọ wo ló ń sọ ìsọkúsọ yẹn?"

"Èmi ni," ni Afìranhàn dáhùn.

"Pa ẹnu dé! Àgbà méjì ń sọ̀rọ̀." Ó sún àga rẹ̀ mọ́ ti Ìbídùnní, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Àna mi, ẹ gbọ́. Ẹ̀rọ kì í pe ilé ẹja, ènìyàn ló ń pè é. Ẹ̀yin lẹ máa gbọ́wọ́ lé ẹja níwájú ìgbìmọ̀, ọ̀rọ̀ tó bá sì ti ẹnu yín jáde ni òfin mọ̀. Àbí irọ́ ni mo pa?"

"Òótọ́ ni."

"Ṣé ẹ rí i? Ẹ gbọ́wọ́ lé e, kí ẹ ní kì í ṣe kúta. Ó tán. Ká máa bá ìgbéyàwó wa lọ."

"Ẹ fẹ́ kí n purọ́ lórí ẹja."

"N ò ní kí ẹ purọ́. Mo ní kí ẹ má gba ẹ̀rọ gbọ́, ìyẹn sì yàtọ̀. Èyí tí wọ́n ní kó máa sẹ́ iyọ̀ kúrò lára omi fún wa, ṣé kì í ṣe omi iyọ̀ ló fún wa mu lọ́jọ́sí? Gbogbo ìlú ń ṣu káàkiri, ẹ̀rọ ní kò sóhun tó ṣe òun!"

Ìbídùnní rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Obìnrin yìí máa ń mú un rẹ́rìn-ín, ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tó fi fẹ́ràn rẹ̀ ju bí wọ́n ti í fẹ́ràn àna lọ. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀rín náà tán, ojú rẹ̀ ti lọ sókè ìlẹ̀kùn, sára egungun funfun yẹn.

Òjé ni wọ́n ń pe ẹja tó ni egungun náà. Láyé ìyá ìyá Ìbídùnní, Olùpè kan gbọ́wọ́ lé Òjé, ó ní ìdílé ṣáwá ni, nítorí àwọn àna rẹ̀ ń fẹ́ fi àwọ̀n ńlá kó o. Ṣáwá pọ̀, àwọ̀n ò lè pa á run. Òjé kò pọ̀. Wọ́n kó o, wọ́n kó o, ọjọ́ kan dé, wọ́n ju àwọ̀n, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ mọ́. Egungun yẹn ló ṣẹ́ kù.

"Àwọn ará Ilé Ṣáwá ti na àwọ̀n síta de pàṣán," ni Ìbídùnní wí. "Bí mo bá ní pàṣán kì í ṣe kúta, wọ́n á jù ú lọ́la. Ìwọ̀ nìkan ni òfin gbà kí wọ́n fi mú kúta. Àna mi, ẹ̀yin lẹ ń ṣọ́ wọn. Ẹ wò mí lójú. Ṣé pàṣán pọ̀ bí wọ́n ti ń wí?"

Ìyá Mákinwá gbójú kúrò lára rẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Wọn ò pọ̀," ó ní. "Ọdún tó kọjá, mo wá wọn débi tí ojú mi wú." Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró. "Ohun tí ẹ bá sọ níwájú ìgbìmọ̀, mi ò ní bá yín jà lé e lórí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa bá mi wá nǹkan tí n ó wí fún Mákinwá. Èmi ò mọ̀ ọ́n."

Ó jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dún lórí afárá.

Ìgbà tí oòrùn kàn àtàrí ni Ẹ̀rìnfọlámí dé láti inú òkun. Òun ni wọ́n ń rán sísàlẹ̀ nínú ọkọ̀ abẹ́ omi kékeré, kó máa bá agbo kúta rìn láti àárọ̀, kó máa wo ẹni tó sanra àti ẹni tó ṣe àìsàn nínú wọn. Irun rẹ̀ ṣì tutù. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀, ó wá jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta ẹja.

"Màámi, mo ti gbọ́."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Gbogbo ìlú. Ohùn ìyá Mákinwá kì í ṣe ohùn tí afárá lè gbà pamọ́." Ó fi ìka kan eyín pàṣán náà. "Mo ti ń rí wọn pa pọ̀ tipẹ́, àwọn kúta àti àwọn wọ̀nyí. Mo rò pé ìjà ni wọ́n ń jà. Lónìí ni mo tó wò ó dáadáa. Eré ni wọ́n ń bá ara wọn ṣe."

Ìbídùnní mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé iṣu. Bí ọkàn rẹ̀ bá dàrú, iṣu ló máa ń gé. Ó gé e títí, ó ń retí kí ọmọ rẹ̀ bú sẹ́kún, kó lè rí ẹni tí yóò rẹ̀ lẹ́kún. Ọmọ kò sunkún.

"Nǹkan kan ni mo ń rò, màámi. Ọjọ́ ìdána wa. Pàṣán tí a jẹ."

Ọ̀bẹ dúró lójú iṣu.

Ẹja àna ni wọ́n ń pè é ní Òkè-Omi. Bí ilé méjì bá fẹ́ di àna nìkan ni ilé kọ̀ọ̀kan ń pa ẹyọ kan nínú ẹja tó ń ṣọ́, tí wọ́n á fi ta ilé kejì lọ́rẹ, bí ẹni pé, ẹ gbà, ara wa nìyí, a ti fún yín jẹ. Àwọn mẹ́rin péré ló ń jẹ ẹ́: ìyàwó, ọkọ, àti ìyá àwọn méjèèjì. Ẹ̀rìnfọlámí àti ìyá rẹ̀ jẹ pàṣán lọ́jọ́ yẹn. Mákinwá àti ìyá tirẹ̀ jẹ kúta. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, Ilé Kúta àti Ilé Pàṣán kò fẹ́ra rí, ẹnì kankan nínú wọn kò sì jẹ ẹja ilé kejì rí. Ìbídùnní ṣì rántí bó ṣe rí lẹ́nu: ó le díẹ̀ lábẹ́ eyín, adùn kan wá tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ti àgbàdo ọ̀tun. Ó tiẹ̀ ní kí wọ́n bu omi ọbẹ̀ kún un.

Òfin kan sì wà tí kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá jẹ ẹja ilé rẹ̀, ì báà mọ̀, ì báà má mọ̀, ó ti jẹ ara rẹ̀ kúrò nílé.

"Bí pàṣán bá jẹ́ kúta," ni Ìbídùnní wí, ó rọra ń sọ ọ́, "èmi àti ìwọ kò sí nílé mọ́."

"Láti ọjọ́ yẹn."

"Mákinwá náà."

"Àti ìyá ẹ̀." Ẹ̀rìnfọlámí gbójú sókè. "Aláìnílé lè fẹ́ aláìnílé, màámi. Òfin ò ní kí wọ́n má fẹ́ra."

"O ò ní bá àwọn kúta rẹ rìn mọ́. Wọn ò ní jẹ́ kí o sọ̀ kalẹ̀ débẹ̀ láéláé. Ṣé o mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Mo mọ̀." Nígbà yìí ni ohùn rẹ̀ wá gbọ̀n. "Mo ti sunkún ẹ̀ tán nísàlẹ̀ omi kí n tó gòkè. Ìdí tí mo fi pẹ́ nìyẹn. Ẹ̀yin ńkọ́, màámi?"

Ìbídùnní tún bẹ̀rẹ̀ sí í gé iṣu. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ènìyàn bí èmi àti ẹ̀yin ni. Bí ó bá gbọ́wọ́ lé ẹja tó ní kì í ṣe kúta, kò sí ohun tí yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ á lọ́kọ, kúta ọmọ rẹ̀ á wà níbẹ̀, eyín á wà lọ́rùn ọwọ́, àyè rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ nísàlẹ̀ omi á máa dúró dè é. Pàṣán nìkan ni yóò san gbèsè rẹ̀. Pàṣán kò sì lẹ́nu tí yóò fi ròyìn. Ó rò ó, kò fi í pamọ́ fún ara rẹ̀. Ó rò ó títí tí iṣu fi tán lọ́wọ́ rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo iṣu náà pé ta ni yóò jẹ gbogbo èyí.

Ìgbìmọ̀ jókòó ní ìrọ̀lẹ́, ní gbọ̀ngàn tó wà láàárín ìlú, omi ń gbá a lábẹ́ jẹ́jẹ́. Wọ́n gbé pàṣán síwájú. Wọ́n gbé Afìranhàn náà wá, nítorí òfin ní kó wà níbẹ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ sọ nǹkan kan títí tí Olùpè á fi pè é. Alàgbà Olúmúyìíwá, olórí ìgbìmọ̀, dìde. Bàbá arúgbó ni, òun ló sọ Ìbídùnní lórúkọ.

"Olùpè Ilé Kúta, gbọ́wọ́ lé e. Ọmọ ilé wo ni?"

Ìbídùnní tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí ẹja náà. Ó tutù. Ó rí Ìyá Mákinwá lọ́wọ́ ẹ̀yìn, ó rí Mákinwá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ gíga tí ojú ń tì, ó ń wo ilẹ̀. Àwọn ará Ilé Ṣáwá wà lápá òsì, wọn ò mí.

"Kúta ni," ó ní.

Gbọ̀ngàn hó díẹ̀, ó rọlẹ̀. Alàgbà mi orí, ó ní, "Ó ti di òfin. Kí Ilé Ṣáwá káwọ̀n wọn. Ìbídùnní, ọmọ mi, ó dùn mí nítorí ìgbéyàwó yẹn. Ọmọ ilé kan náà ni wọ́n báyìí."

"Ẹ dúró ná, bàbá. Mi ò tí ì parí." Ohùn rẹ̀ tẹ́jú ju bó ṣe rò lọ. "Àwa mẹ́rin la jẹ ẹja àna lọ́jọ́ ìdána. Èmi àti ọmọ mi jẹ irú èyí. Mákinwá àti ìyá rẹ̀ jẹ kúta. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la ti jẹ ẹja ilé wa."

Alàgbà sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ta ló bi ọ́ ní ìyẹn? A lè sọ pé láti òní lọ ló di kúta. Ká fi ohun tó ti kọjá sílẹ̀. Jókòó sáyè ìyá rẹ, jàre."

"Bàbá, ẹja yìí kò di kúta láàárọ̀ yìí. Kúta ló jẹ́ lọ́jọ́ tí mo jẹ ẹ́. Kúta ló jẹ́ kí wọ́n tó bí ìyá mi. Bí mo bá ní láti òní lọ ni, irọ́ díẹ̀ nìyẹn, irọ́ díẹ̀ náà ni wọ́n sì pa lórí Òjé."

Ó tú okùn ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Kò tètè tú, ó ti pẹ́ jù níbẹ̀, eyín ẹnu rẹ̀ ló padà fi já a. Ó gbé eyín kúta náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja. Ẹ̀rìnfọlámí bọ́ síwájú, ó gbé tirẹ̀ tì í.

Nígbà yìí ni ọ̀rọ̀ wá yé ẹnì kan lọ́wọ́ ẹ̀yìn.

"Yéè! Èmi náà kẹ̀!" ni Ìyá Mákinwá ké. "Èmi tí mo bu ẹ̀ẹ̀kejì lọ́jọ́ náà! Mo tiẹ̀ lá àwo!"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, Alàgbà pàápàá. Obìnrin náà rìn wá síwájú pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó já egungun pàṣán ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni pé ó ń bínú sí i. Mákinwá náà já tirẹ̀ sílẹ̀. Ó lọ dúró ti Ẹ̀rìnfọlámí, apá wọn ń kan ara wọn.

Nígbà tí wọ́n ń jáde, Ìbídùnní gba ẹ̀gbẹ́ Afìranhàn kọjá. Iná kékeré orí ẹ̀rọ náà tàn.

"Ta nìyẹn?" ó bèèrè.

Láàárọ̀ ni wọ́n jọ ń bú ara wọn. Ìbídùnní wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tí kò sí eyín kúta níbẹ̀ mọ́.

"Àlejò ni," ó ní, ó sì jáde.

Etí ìlú ni àwọn aláìnílé ń gbé, níbi tí ìgbì ti ń gbé ilé sókè sódò tí ọbẹ̀ kì í dúró nínú ìkòkò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó náà. Èrò kò pọ̀. Ṣùgbọ́n àbúrò Ìbídùnní, Moróyìn, tó gba eyín lẹ́yìn rẹ̀ tó di Olùpè, wakọ̀ wá fúnra rẹ̀ pẹ̀lú igbá ńlá kan. Ó kúnlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, ojú ń tì í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kì í ṣe ará ilé mọ́, àmọ́ ó di dandan kí ẹ jẹ́ nǹkan kan sí wa. A ti bi ìgbìmọ̀. Wọ́n ní àna la jẹ́ sí yín." Ó ṣí igbá náà. Kúta kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, tí wọ́n fi ìwọ̀ mú, lẹbẹ méjì lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹja àna nìyí."

Ìyá Mákinwá ló sè é. Nígbà tó jiná, ó bù ú sáwo, ó gbé e síwájú Ìbídùnní, ó ká apá mọ́ àyà, ó ń wò ó. Ìbídùnní kò fi kúta tí wọ́n pè ní kúta kan ẹnu rí láyé rẹ̀. Títí di ọjọ́ yẹn, bó bá gbọ́ òórùn rẹ̀ nílé ẹlòmíì, ọwọ́ a máa lọ sí imú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó já a díẹ̀. Ó fi sẹ́nu. Ó rọra jẹ ẹ́.

Ó le díẹ̀ lábẹ́ eyín. Lẹ́yìn náà ni adùn yẹn wá, bí ti àgbàdo ọ̀tun.

"Kí ló dé, àna mi?" ni Ìyá Mákinwá bèèrè. "Ṣé iyọ̀ ò tó ni? Ẹ sọ̀rọ̀! Kí lẹ ń sunkún sí?"

Ìbídùnní ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń dà sínú àwo rẹ̀, kò nù ún.

"Kúta ni," ó ní. "Àna mi, kúta ni wá lóòótọ́."